Ọjọ́ Tí A Kọ́kọ́ Dáná

Rose Bay, Nova Scotia
20 Oṣù Kẹjọ, 1984

Twila ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé òjò Scotland ti jẹ́ kí aṣọ yín gbẹ? Èmi wà dáadáa níbí. Orúnkún òsì ń dùn mí tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ń bá a ṣe é. Jọ̀ọ́, má pe mí lórí tẹlifóònù mọ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń la pákó níbi tí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ti gba etí mi. Hùn-hùn-hùn nìkan ni mò ń gbọ́, èmi á sì máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́tà ló dáa. Mo lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Garnet Corkum wá gbá ṣímínì ní Ọjọ́rú, bó ṣe máa ń ṣe kí òtútù tó dé. Kò pẹ́ lókè rárá tó fi sọ̀ kalẹ̀. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ṣe, torí pé kò béèrè páì ápù tí mo máa ń gé fún un.

"Orland," ó ní, "ta ló ń gbé orí òrùlé rẹ tó ń jẹ bíríkì?"

"Ìwọ nìkan lo máa ń gun ibẹ̀," mo ní. "Bi ara rẹ."

Ìgbà yẹn ló tó jókòó. Ó ní ìlà bíríkì mẹ́rin tó wà lókè pátápátá ti tú, pé ọwọ́ lásán lòun fi yọ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù wà nínú àjà. Ó ní ihò èéfín ti sán níbẹ̀, iná tó bá ta sì lè gba ojú sísán yẹn bọ́ sórí igi òrùlé. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ dáná sí sítóòfù títí wọn yóò fi tún un ṣe. Òun á ti páìpù irin bọ inú ihò náà láti òkè dé ìdí sítóòfù, òun á sì fi símẹ́ńtì tún ìlà mẹ́rin òkè mọ. Ọjọ́ méjì ni gbogbo ẹ̀.

Mo ní kí ó dúró, kí n kọ́kọ́ bi ọmọ mi. Kí ni mo ń fi ọmọ tó ń tún ṣímínì àwọn ọba ṣe ṣe, tí mi ò bá lè bi í nípa tèmi? Garnet rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè páì.

Ojú ṣímínì tí a máa ń họ nǹkan sí nínú àjà kò ní àléébù. Mo gbé iná lọ wò ó fúnra mi. Gbogbo ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dáná lọ́dọọdún ló wà níbẹ̀, láti ìgbà bàbá bàbá mi. Ọwọ́ ìyá rẹ wà níbẹ̀ digbí, ti ọdún tí mo gbé e wálé: 27 Oṣù Kẹsàn-án, 1951. Ó fi ìṣó họ ọ́ jinlẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ.

Kí ni kí n sọ fún Garnet?

Èmi bàbá rẹ,
Orland Zwicker


Stirling, Scotland
1 Oṣù Kẹsàn-án, 1984

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú orúnkún. Inú mi dùn pé ẹ dúró kí ẹ tó gbé iṣẹ́ náà jáde. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Amọ̀ odò LaHave ni bàbá bàbá yín fi ṣe bíríkì yẹn, inú iná igi ló sì ti sun ún. Ó rọ̀. Bó ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wà, kì í ṣe àìsàn. Ó máa ń mu omi bí búrẹ́dì ṣe ń mu tíì. Ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ni ẹfun sísun tí wọ́n pò mọ́ yanrìn, ẹfun náà sì rọ̀ ju bíríkì lọ. Nítorí náà, omi tí bíríkì bá mu, ojú ẹfun ló máa ń gbà jáde. Tí omi bá dì, ẹfun ló máa ń fọ́, ẹfun sì ṣeé pààrọ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Símẹ́ńtì le ju bíríkì yẹn lọ. Tí ẹ bá fi símẹ́ńtì há a mọ́, omi kò ní rí ọ̀nà jáde. Á dì sínú bíríkì, á wú, ojú bíríkì á sì máa bọ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Lọ́dún yìí nìkan, mo ti tú ṣímínì mọ́kànlá tí ẹnìkan fi símẹ́ńtì bà jẹ́ pẹ̀lú èrò rere.

Ẹ má jẹ́ kí Ọ̀gá Garnet fi símẹ́ńtì kàn án. Mi ò gbàgbé pé òun ló kọ́kọ́ fi bíríkì lé mi lọ́wọ́. Fún ilé tuntun, kò sí ẹni tó dà bíi rẹ̀ ní etíkun yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá rẹ̀ mọ̀ nìkan ló mọ̀, kò sì tíì ka ìwé kankan lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n wá ẹni tó mọ ẹfun fún yín ní Halifax.

Ohun kan ṣoṣo tí òun àtèmi fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí nìyí: ẹ má dáná. Kì í ṣe ẹyọ igi kan, kì í ṣe láti fi se kọfí. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Twila


Rose Bay
13 Oṣù Kẹsàn-án, 1984

Twila,

Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé o ń jẹun? Lẹ́tà rẹ dé ní Ọjọ́ Ajé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó yé mi bíi pé o jókòó níwájú mi. Inú mi dùn débi pé mo gbé e fún Garnet.

Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ gé ibì kan kúrò nínú ẹ̀.

Ó kà á lórí tábìlì ìdáná. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún ibẹ̀ kà. Lẹ́yìn náà ó ká lẹ́tà náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ ti dára sí i," ó ní. "Nígbà tó ń ru bíríkì fún mi, ńṣe ló dà bíi pé adìyẹ ló ń kọ ọ́."

Mo ní, "Garnet, má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Òótọ́ ló sọ nípa bíríkì yẹn. Mo ti rí i tí ojú wọn ń bọ́, mi ò kàn mọ ìdí ẹ̀ ni. Jẹ́ kí ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ṣùgbọ́n kò jẹ páì rẹ̀ tán. Nígbà tó ń lọ, ó gbé àkàbà rẹ̀ tó ti wà lẹ́yìn ilé wa láti ìgbà tí o wà ní kékeré. Ibi tó fi bò lára ògiri ṣì funfun. Mi ò mọ̀ pé ọ̀dà ilé wa ti pọ́n tó bẹ́ẹ̀ kó tó gbé e kúrò.

Ṣé o ń bọ̀ fún Kérésìmesì? Vesta aládùúgbò wa ń béèrè, ó fẹ́ mọ iye kábéèjì kíkan tí òun máa fi sílẹ̀.

Bàbá rẹ


Stirling
24 Oṣù Kẹsàn-án, 1984

Bàbá mi,

Ẹ kú àmójútó ilé. Kí ló dé tí ẹ fi fún un kà? Ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí. Tó bá jẹ́ òun ni mo kọ ọ́ sí, mi ò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí mi ò mọ bí mo ṣe máa tún un sọ tí kò fi ní burú sí i. Ẹ bá mi kí i.

Mo ti rí ẹni náà. Pelham Strickland ni orúkọ rẹ̀, Halifax ló ń gbé. Èmi àti ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n dáadáa jọ kọ́ṣẹ́ níbí. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i: gíga ṣímínì náà, irú yanrìn tí a máa lò, bí a ṣe máa fi àpò ọ̀rinrin bo ojú iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹfun má yára gbẹ. Ó ní òun á wá wò ó kí Oṣù Kẹwàá tó dé àárín.

Kérésìmesì kò ní ṣeé ṣe. Ilé olódi kan ni a wà lórí rẹ̀, wọn kò sì ní tú igi tí a kàn yí i ká títí di Oṣù Kẹta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n fi èmi nìkan ṣe olórí iṣẹ́. Màá wá ní Oṣù Kárùn-ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù láì dáná títí Ògbẹ́ni Strickland fi máa parí. Tí ẹ bá wá dáná, ẹ kọ ọjọ́ náà sí mi. Mo ṣì ń kọ gbogbo wọn sẹ́yìn Bíbélì mi.

Twila


Rose Bay
21 Oṣù Kẹwàá, 1984

Twila ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí o jẹ́ olórí fún. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà náà béèrè pé ṣé ọba ń gbé inú ilé náà, mo ní bóyá.

Strickland rẹ wá. Ọmọlúàbí ni. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láì sí ẹni tó ní kó bọ́ ọ. Ó wọn ṣímínì lókè, ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, ó fi èékánná họ ẹfun díẹ̀ sínú ìgò. Ó pẹ́ nínú àjà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ti rí ọ̀pọ̀ ṣímínì, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí èyí tó ń pa ọjọ́ orí ara ẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì ní, "Ọmọ yín yìí mọ ohun tó ń sọ." Mi ò gbọ́ ọ dáadáa, mo ní kó tún un sọ.

Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Má dààmú.

Ápù pọ̀ lọ́dún yìí. Ọ̀dọ̀ Vesta ni mo ti ń jẹun lálẹ́ báyìí. Ó ní mo ń gbẹ, ó sì ń bu sọ́séèjì fún mi bíi pé ọmọ ogún ọdún ni mí. Kóòtù tí mo fi máa ń jókòó létí omi, èyí tí ìyá rẹ fọwọ́ rán fún mi kó tó kú, ṣì ba ara mi mu. Mo wọ̀ ọ́ báyìí tí mò ń kọ̀wé, torí pé mo fẹ́ jáde.

Bàbá rẹ


Stirling
1 Oṣù Kọkànlá, 1984

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù o. Lẹ́tà yín dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Ṣé Ògbẹ́ni Strickland ti parí? Ṣé èéfín ń fà jáde dáadáa? Ọjọ́ wo ni ẹ kọ́kọ́ dáná? Ojú ìwé ti ọdún yìí ṣì ṣófo lẹ́yìn Bíbélì mi. Ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn kí àyè ṣófo.

Tí kò bá tíì pẹ́ tó parí, ẹ má kó igi kún sítóòfù lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, igi tín-ín-rín bí ìka, ìwọ̀nba tó máa jó fún wákàtí kan. Lọ́jọ́ kejì, ìlọ́po méjì ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ara ṣímínì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá rí omi lára bíríkì, ẹ má bẹ̀rù, ẹfun ló ń mí.

Ẹ sì jẹun nílé yín. Vesta kì í ṣe ìyàwó yín.

Twila


Rose Bay
12 Oṣù Kọkànlá, 1984

Twila,

Mo kí ọ gan-an. Má wo ọwọ́ ìkọ̀wé yìí, ìka mi ló le díẹ̀. Ikọ́ ń ṣe mí, kò tó nǹkan. Vesta ní kí n wá máa sùn lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní rárá, ilé ò gbọ́dọ̀ ṣófo. Mo gbé ẹ̀rọ iná mànàmáná kékeré kan tó ń mú ooru wá sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó ń gbìyànjú.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Mo kàn ń béèrè ni o. Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn ò lè fi ẹfun mọ bíríkì nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń dì? Pé ó máa ń kú kó tó le? Ẹnìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà, Oṣù Kárùn-ún kò jìnnà.

Bàbá rẹ


Stirling
22 Oṣù Kọkànlá, 1984

Bàbá mi,

Orí igi tí a kàn yí ilé olódi ká ni mo ti ka lẹ́tà yín, nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò sì tún gun ibẹ̀ mọ́ lónìí.

Òótọ́ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyẹn. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí dì títí di ìgbà tó bá yọ́, a kì í fọwọ́ kan ẹfun. Ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án ni mo kọ̀wé sí yín pé kí ẹ dúró. Mo mọ bí yanrìn ṣe gbọ́dọ̀ rí, mo mọ iye ọjọ́ tí àpò máa fi wà lórí ẹ̀, mi ò ka iye ọ̀sẹ̀ tó kù kí yìnyín dé Rose Bay. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Bàbá, ṣé ẹ kò tíì dáná láti ìgbà yẹn?

Ẹ gbé lẹ́tà yìí lọ bá Ọ̀gá Garnet lónìí. Kí ó ti páìpù irin yẹn bọ ibẹ̀. Kí ó fi símẹ́ńtì mọ òkè, kí ó fi ohunkóhun tó bá ní lọ́wọ́ mọ ọ́n. Ìlà mẹ́rin bíríkì ni. Màá fọwọ́ ara mi pààrọ̀ wọn. Kí ó tó parí, ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ Vesta, ẹ jẹ́ kí omi dì sínú páìpù omi ilé tó bá fẹ́ dì.

Tí Ọ̀gá Garnet bá kọ̀, ẹ ka ìlà yìí fún un: Ọ̀gá mi, Twila ni. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín


Rose Bay
15 Oṣù Kejìlá, 1984

Twila,

Mo kí ọ kú ọ̀fọ̀, mo sì tún kí ọ kú ìrìn àjò. Ìyàwó mi ní kí n béèrè bóyá o ti ń jẹun. Nígbà ìsìnkú, o kàn ń gbé àwo kiri ni.

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, o bi mí nínú ìdáná yẹn pé kí ló dé tí sítóòfù fi tutù. Mo ní èmi ni mo pa iná kó má bàa jó ilé. Irọ́ ni. Àwọn èèyàn pọ̀, o sì ti rẹ̀ ẹ́, mi ò lè sọ ọ́. Ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ gbéra ni lẹ́tà tí o kọ sí i dé. Vesta ló ṣí i, ó mú un wá fún mi torí pé orúkọ mi wà nínú ẹ̀. Ó yẹ kí o mọ gbogbo ẹ̀.

Kò dáná rárá. Ní Oṣù Kẹwàá, ọkùnrin Halifax yẹn sọ fún un lójúkojú pé ó ti pẹ́ jù fún ẹfun, pé òun á padà wá ní Oṣù Kárùn-ún. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹnìkan ti páìpù irin bọ ibẹ̀ fún ìgbà òtútù. Bàbá rẹ ní òun fúnra òun á kọ̀wé sọ fún ọ. Vesta ló gbọ́, òun ló sọ fún mi. Mo gbé àkàbà mi, mo lọ bá a ní ọjọ́ kẹta Oṣù Kọkànlá. Ó jókòó nínú ìdáná pẹ̀lú kóòtù àti fìlà.

"Orland," mo ní, "ọjọ́ kan péré. Mi ò ní fọwọ́ kan bíríkì kankan."

"Twila ò tíì dáhùn."

"Ṣé o ti bi í ni?"

"Màá bi í."

"Ṣé kò mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ti lọ ni?"

Ó fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tí mo bá sọ fún un, á mọ̀ pé òun gbàgbé nǹkan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe olórí ni, Garnet. Jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

Ǹ bá ti gun òrùlé yẹn láì gbàṣẹ. Kò ní lè fà mí sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà kan: ohun tí o kọ nípa mi ṣì ń dùn mí lọ́kàn. Mo ní nínú ara mi pé, ó dáa, kí ẹni tó kàwé wá ṣe é. Mo gbé àkàbà mi, mo lọ sílé, mo dáná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ Vesta gbé e lọ sílé ìwòsàn. Omi ti kún àyà rẹ̀. Ìyókù, o mọ̀ ọ́n.

Lánàá mo gun inú àjà lọ wo bí nǹkan ṣe rí. Mo gbé iná sí ojú ibi tí ẹ máa ń họ nǹkan sí. Bàbá rẹ ti họ ọdún yìí sílẹ̀: 1984. Ó fi àyè ọjọ́ àti oṣù sílẹ̀ níwájú ẹ̀.

Garnet Corkum


Stirling
29 Oṣù Kejìlá, 1984

Ọ̀gá Garnet,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ń jẹun.

Mo kọ lẹ́tà yìí láti gbé iṣẹ́ fún yín, tí ẹ bá máa gbà á. Ẹ bá mi tún ṣímínì ilé bàbá mi ṣe. Ẹ lo ohun tó bá tọ́ lójú yín. Mi ò kọ ìlànà kankan.

Mo kọ ọ́ pé ẹ kò tíì ka ìwé kankan. Èmi ti ka gbogbo wọn.

Tí ẹ bá parí, ẹ dáná lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sí mi.

Twila


Rose Bay
20 Oṣù Kìíní, 1985

Twila,

Mo kí ọ. Ìyàwó mi kò gbà pé ò ń jẹun, ó ti fi sọ́séèjì sínú páálí kan.

Iṣẹ́ ti parí dé ibi tó lè dé. Páìpù irin ti wọlé láti òkè dé sítóòfù, kò fọwọ́ kan bíríkì níbikíbi. Mi ò lo símẹ́ńtì. Mo tú ìlà mẹ́rin yẹn, mo fi páànù dé orí ṣímínì kí omi má wọlé. Bíríkì méjìléláàádọ́ta ni. Mo fi ìwé ìròyìn yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wà ní gbígbẹ nínú ilé tí a ń kó igi ìdáná sí. Mo ti kọ̀wé sí Strickland pé kó bá wa tọ́jú ẹfun. Wá ní Oṣù Kárùn-ún, kí o wá pò ó, kí o fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi á máa ru bíríkì.

Mo dáná ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Igi tín-ín-rín bí ìka, bí o ṣe kọ ọ́ fún bàbá rẹ. Lẹ́tà rẹ ṣì wà lórí tábìlì, mo kà á bí mo ṣe ń ṣe é. Èéfín fà dáadáa. Mo gun àjà, mo họ ọ́ sísàlẹ̀: 17 Oṣù Kìíní, 1985. Àyè tó wà níwájú ọdún tó kọjá, mi ò fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Ìdáná ti gbóná dáadáa. Mo ti la ẹnu láti béèrè páì kí n tó rántí.

Garnet